Fídíò Ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ ní yunifásítì, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé níbẹ̀ fúnra yín, àti ẹ̀yin olùkọ́ wọn pàápàá, ìtàn kan wà lẹ́nu mi tí n óò sọ fún yín. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ gbé fóònù yín jìnnà síbí ná. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ sọ, kò sì dáa ká máa sọ̀rọ̀ ẹni lójú ẹni.

Ìyá kan wà tó ń ránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni yàrá iwájú ilé tó ń gbé, yàrá tóóró kan tí aṣọ oníbàárà kún ara ògiri rẹ̀ bí èèyàn tó tò sórí ìlà. Máṣíìnì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kó ra èyí tó ń lo iná, ó kọ̀.

"Iná lè lọ nígbà tó bá wù ú," bó ṣe máa ń sọ nìyẹn. "Ẹsẹ̀ tèmi kì í lọ ibì kankan."

Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó fi ń tẹ irin yìí ló fi tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Òun ló fi ń tẹ̀ ẹ́ títí ọmọ fi wọ yunifásítì, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí ọmọ náà bá ti ń jáde láàárọ̀, ìyá á ké sí i láti ìdí máṣíìnì.

"Nọ́ọ̀sì mi, o ti jẹun?"

"Mọ́mì, mi ò tíì di nọ́ọ̀sì o."

"Ẹni tó wà lọ́nà oko, ará oko náà ni. Jẹun kí o tó lọ."

Àtọ̀gbẹ wà lára ìyá yìí. Ẹ sì mọ̀ pé àtọ̀gbẹ a máa pa ẹsẹ̀ èèyàn kú, kò ní jẹ́ kó mọ ìrora. Ní ọjọ́ kan, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn tẹ̀ ẹ́, kò mọ̀. Ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú bàtà ló tó mọ̀. Ibẹ̀ di egbò. Ṣùgbọ́n kò fi ṣeré. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un ló ń lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà kan ń bá a fọ̀ ọ́, ó ń bá a dì í. Egbò náà ti ń pupa, etí rẹ̀ ti ń sún mọ́ra wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Ìyá, bí ẹ bá ń bá a bọ̀ báyìí, ẹ máa tó jó lórí ẹsẹ̀ yìí."

Ìgbà náà ni iṣẹ́ àṣetiléwá dé.

Olùkọ́ ọmọ yìí ní yunifásítì fẹ́ràn nǹkan ìgbàlódé. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Òun ló dá gúrúùpù kíláàsì sílẹ̀ lórí fóònù, ibi tí àwọn ọmọ ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè. Ẹni tí àìsàn dá dúró sílé a máa gbọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ẹni tójú ń tì láti sọ̀rọ̀ ní kíláàsì a máa la ẹnu níbẹ̀. Kí n má parọ́, gúrúùpù yẹn ṣe wọ́n lóore. Àmọ́ ọ̀bẹ tó gé iṣu dáadáa, òun náà ló ń gé ọwọ́.

Olùkọ́ dúró níwájú wọn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìdánwò tiyín yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kálukú yóò ṣe fídíò kékeré tí yóò fi kọ́ àwọn èèyàn nípa ìtọ́jú ara. Ẹ máa gbé e sí ìta gbangba lórí ayélujára, kì í ṣe gúrúùpù wa o. Èyí tí èèyàn bá wò jù, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ sí jù, òun ni máàkì rẹ̀ máa ga jù."

Ọmọkùnrin kan nawọ́. "Sà, ẹni tí ò bá ní èèyàn tó máa wò ó ńkọ́?"

"Kó wá èèyàn."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ìyá aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Kò tíì mọ̀ pé òun lọ̀rọ̀ ń bá wí.

Fídíò tó kọ́kọ́ ṣe, ìrọ̀rí ló di báńdéèjì mọ́. Ó ṣàlàyé bó ṣe yẹ, ohùn rẹ̀ já gaara. Ta ló fẹ́ wo ìrọ̀rí? Àfi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan àti ẹnì kan tó ń polówó bàtà sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé èèyàn ń rọ́ wá sọ́dọ̀ àwọn bí omi. Ọmọ náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí irin máṣíìnì.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n fi fóònù ya ẹsẹ̀ yín."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ó rẹwà ni?"

"Iṣẹ́ iléèwé ni. Mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú egbò. Olùkọ́ wa ló fẹ́ wò ó."

"Olùkọ́ yín nìkan?"

Ọmọ náà yíjú sí fóònù ọwọ́ rẹ̀. "Òun àtàwọn ará kíláàsì wa."

Ìyá ti dé kíláàsì náà rí. Ó mọ̀ ọ́n ní yàrá ńlá, tó ní bẹ́ńṣì, tó ní ògiri, tó sì ní ilẹ̀kùn tó ṣe é tì. Àwọn tó wà níbẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn. Ta ló máa fi egbò pamọ́ fún nọ́ọ̀sì?

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n pààrọ̀ aṣọ. Mi ò lè kí olùkọ́ rẹ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́."

Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tó rán fúnra rẹ̀, ó we gèlè, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ọmọ ń tú báńdéèjì, ó ń sọ̀rọ̀. Kó tó pa fóònù, ìyá yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní:

"Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún ọmọ mi ní máàkì o!"

Ọmọ náà gbé e sí ìta gbangba. Kò purọ́ fún ìyá rẹ̀ tán, kò sì sọ òótọ́ fún un tán. Irú rẹ̀ ló burú jù.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ká tó ṣẹ́jú, fídíò ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ, ó ti di ti ayé. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn kan dúpẹ́ pé àwọn rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí wá gé ẹ̀kọ́ dànù, ó fi egbò àti ọ̀rọ̀ ìyá nìkan sílẹ̀, ó fi orin yẹ̀yẹ́ sí i, ó kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: "Ẹ gba egbò, ẹ fún wa ní máàkì." Èyí ni gbogbo èèyàn ń pín kiri.

Onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló kọ́kọ́ gbé e wá. Ó ń rẹ́rìn-ín wọlé, ìyarun ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ti di gbajúmọ̀, ẹ ò sọ fún wa! Ẹ wò ó, àwọn ará òkè òkun gan-an ń wò yín."

Ìyá gba fóònù. Ó wo ara rẹ̀. Ó wo aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run náà. Ó gbọ́ orin náà.

"Àbúrò, ta ni gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín wọ̀nyí?"

"Gbogbo ayé ni, mà. Ẹ má wo ìyẹn, eré ni wọ́n ń ṣe."

"Mo rò pé kíláàsì ni."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu onídìrí. Ó gba fóònù rẹ̀, ó sì wábi gbà jáde.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ọmọge kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó, tí aṣọ funfun rẹ̀ ti wà lórí tábìlì, wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Mà, ẹ má bínú. Mo fẹ́ gba aṣọ mi."

"Mi ò tíì rán an, ìyàwó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ kó o fún mi. Ìyá ọkọ mi ló ní... wọ́n rí nǹkan kan lórí fóònù. Wọ́n ní egbò yẹn, kó má lọ kan aṣọ."

"Ẹsẹ̀ ni egbò mi wà. Ọwọ́ ni mo fi ń ránṣọ."

"Mo mọ̀, mà. Àwọn ni ò mọ̀."

Ìyá ká aṣọ náà dáadáa, ó kó o fún un. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé láti iléèwé, kò pariwo mọ́ ọn. Ìbéèrè kan ló bi í.

"Nọ́ọ̀sì mi, ìlú mélòó ló wà nínú kíláàsì yín?"

Ọmọ wó lulẹ̀ níbẹ̀, ó di orúnkún ìyá rẹ̀ mú. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Wọ́n máa tó gbàgbé. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí olùkọ́ á fi fún wa ní máàkì. Tí mo bá yọ ọ́ báyìí, mo ti féèlì nìyẹn."

Ìyá wò ó títí. Gbogbo ọdún tó fi ń tẹ irin, torí máàkì yìí náà kọ́?

"Kò burú," ló ní. "Dìde. Ilẹ̀ tutù."

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa tún egbò dì pé, ìyá lọ sí ilé ìwòsàn. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn tó ń dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń jáde nínú fóònù ẹlòmíì: "Ẹ bá mi fún ọmọ mi ní máàkì o!" Àwọn méjì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan gbójú sókè, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó gbá èkejì nígbọ̀nwọ́.

Ìyá mú báàgì rẹ̀, ó dìde. Kò wọlé sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà lọ́jọ́ náà. Kò sì padà lọ mọ́.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀. Bí ọjọ́ bá pé, á wọṣọ, á gbé báàgì, á jáde. Ibùdókọ̀ kan tí ọkọ̀ kì í dúró sí mọ́ ló ń lọ jókòó sí. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á padà sílé.

"Mọ́mì, wọ́n ti bá yín dì í?"

"Wọ́n ti dì í."

Òun fúnra rẹ̀ ló ń dì í, àjákù aṣọ tó ṣẹ́kù nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ló sì ń fi dì í. Ẹ wáá wo ohun tó ń dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ wà nínú yàrá kejì, ó tẹjú mọ́ fóònù, ó ń dá àwọn tí kò mọ̀ rí lóhùn. "Ẹ má fi àkísà di egbò o. Ẹ má fi ọjọ́ ilé ìwòsàn yín ṣeré." Wọ́n ń kọ ọ́ padà pé, "Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì wa." Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Olùtọ́jú gbogbo ayé kò gbóòórùn egbò ilé ara rẹ̀.

Máṣíìnì ló padà pè é. Ó ti mọ ìró rẹ̀ láti kékeré débi pé kì í gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tó dákẹ́ ló gbọ́ ọ. Ó jáde wá. Ìyá ti gbé orí lé orí máṣíìnì, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó ń gbọ̀n. Ọmọ fa ẹsẹ̀ náà jáde. Ó tú àjákù aṣọ. Aṣọ funfun ni, èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó ọjọ́sí. Ẹ jẹ́ kí n má sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Mọ́mì! Ta ló di èyí?"

"Aránṣọ ni mí," ìyá sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mo mọ nǹkan dì."

Wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n oró ti ń gòkè. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kí ó má baà mú ẹ̀mí lọ.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, nọ́ọ̀sì àgbà tẹ̀ síwájú láti tù ú nínú. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ tí mo fi ń jẹun ni. Ẹ jẹ́ kí n sunkún omi náà ná."

Nọ́ọ̀sì àgbà fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó jókòó tì í títí ó fi sun tán.

Olùkọ́ yunifásítì gbọ́, ó wá kí wọn. Kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Láti wá ọ̀rọ̀ sọ, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí inú yín dùn díẹ̀. Ọmọ yín ló ṣe ipò kìíní."

Nọ́ọ̀sì àgbà ló fọwọ́ pè é jáde sí ẹnu ọ̀nà, òun àti ọmọ náà.

"Sà, kí lẹ fẹ́ mọ̀ tí ẹ fi ní kí wọ́n ṣe fídíò?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́. Mo rò ó pé bí èèyàn bá ṣe ń wò ó tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ tó."

"Àwọn tó pé jọ wo ìjà lójú títì, ṣé ìjà ni wọ́n ń kọ́?"



"Fídíò tí ọmọ yìí ṣe pẹ̀lú ìrọ̀rí," nọ́ọ̀sì àgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "mo ti wò ó. Ó péye ju ti ẹsẹ̀ yìí lọ. Máàkì mélòó lẹ fún un?"

"Mi ò wò ó," olùkọ́ sọ. "Kò sí láìkì lábẹ́ rẹ̀."

"Ẹ rí i báyìí. Ọjà lẹ gbé ìwọ̀n yín fún, ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù láti wọ̀n ọ́n. Ẹ ní gúrúùpù kíláàsì tó ní ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni kí wọ́n máa gbé iṣẹ́ sí, kí ẹ̀yin fúnra yín wò ó, kí ẹ sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé nǹkan rẹ̀ síta, ẹ fún un ní ọ̀nà míì, kí máàkì rẹ̀ má dínkù. Èmi ò ní kí ẹ pa fóònù tì. Èmi náà ń fi kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ mi."

Ó yíjú sí ọmọ náà. "Ìwọ ńkọ́? O bi ìyá rẹ léèrè kí o tó ya ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Mo bi wọ́n, mà."

"O ò bi wọ́n tán. Ẹni tó bá ní 'bẹ́ẹ̀ ni' sí ìbéèrè tí kò pé, kò tíì ní 'bẹ́ẹ̀ ni.' O yẹ kí o sọ pé gbogbo ayé ló máa wò ó, pé wọ́n lè gé e, pé wọ́n lè fi ṣẹ̀sín, pé kò ní ṣe é kó padà. O tiẹ̀ lè ya ẹsẹ̀ láìya ojú, kí o yọ ohùn wọn kúrò. Ọjọ́ tí wọ́n sì fi ojú sọ fún ọ pé ó ń dùn wọ́n, ọjọ́ náà ló yẹ kí o yọ ọ́, kí o lọ bá olùkọ́ rẹ pé, 'Sà, mi ò lè ṣe èyí.'"

"Mo ti yọ ọ́ báyìí, mà. Mo ti yọ ọ́."

"O yọ tìrẹ. Ti àwọn tó ti gbà á sínú fóònù wọn ńkọ́? Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, ọmọ mi. Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà."

Olùkọ́ yí ìdánwò náà padà fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n kò lè yí ẹsẹ̀ padà.

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá, ẹ máa rí àga méjì nídìí máṣíìnì kan ṣoṣo. Ìyá ló ń darí aṣọ lókè, ọmọ ló ń fẹsẹ̀ tẹ irin nísàlẹ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́ àti nígbà tó bá dé.

"Rọra, Nọ́ọ̀sì. O ń sáré jù."

"Ẹ má bínú, mà."

Nígbà míì, àwọn ọmọ kéékèèké tó ń kọjá lójú títì á ké e bí orin: "Ẹ bá mi fún ọmọ mi ní máàkì o!" Wọn ò mọ ẹni tó ni ín. Ẹsẹ̀ ọmọ á dúró lórí irin. Ìyá ò ní gbójú sókè lára aṣọ.

"Tẹ̀ ẹ́," á ní.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lo ayélujára kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè lórí rẹ̀, ọgbọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ bi ara yín pé ta ló máa rí i. Ẹ má gbé àìsàn, ojú tàbí ohùn ẹnikẹ́ni síta láìjẹ́ pé ẹ ṣàlàyé tán fún un, ó sì gbà, bó ti wù kí ẹni náà sún mọ́ yín tó. Ìyá ẹni gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ bò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi ẹnu ọjà díwọ̀n ọpọlọ ọmọ; ẹ jẹ́ kí ìdánwò wà níbi tí ilẹ̀kùn wà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní "iṣẹ́ iléèwé ni," kò sí àrífín nínú kí ẹ bi í pé, "Níbo ni yóò dé?" Ẹ̀yin tí ẹ ń rí irú fídíò bẹ́ẹ̀ lórí fóònù yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó kú sọ́wọ́ yín. Ẹni tó pín in kiri, òun náà wà lára àwọn tó mú ayùn dání. Ẹni tí ìtìjú sì fẹ́ lé kúrò ní ilé ìwòsàn, kó ní sùúrù, kó sọ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n lè wá yàrá tó ní ìkọ̀kọ̀ fún un. Ìtìjú kì í wo egbò sàn.

Ọmọ náà, tó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ló sọ ìtàn yìí fún mi lọ́jọ́ tó ń bá mi di ọgbẹ́ ọwọ́ mi. Mo bi í bóyá mo lè sọ ọ́ fún yín. Ó ní òun máa kọ́kọ́ bi ìyá òun. Ó bi í, ó sì sọ fún un tán: irú èèyàn tó máa gbọ́ ọ, ibi tó lè dé, pé kò ní ṣe é kó padà. Ìyá ronú sí i fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó fèsì.

Ó ní kí n sọ ìtàn, ṣùgbọ́n kí n má sọ orúkọ.